Alága Tó Fi Àmín Wọn Òùngbẹ

Àwọn èèyàn kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fún wọn ní àpótí láti fi jókòó, kí wọ́n tó fìdí kàn án ni wọ́n á ti máa bèèrè ẹni tí yóò máa fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí wọn. Mi ò bá wọn jà. Mo kàn fẹ́ sọ ìtàn Olóyè Olúgbémi, Alága Ìgbìmọ̀ Àmójútó Omi ní Sábóngàrí, Kánò. Ẹni tó bá rí ara rẹ̀ níbẹ̀, kó rọra tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó kà á parí. Ó ṣì lè bá àánú pàdé.

Omi tiwa níbí, ọ̀nà tó ń gbà wọlé pọ̀. Ilé tó ní kànga ẹ̀rọ ń fa tirẹ̀. Ilé tí kò ní ń ra ti mẹ́rúwà, àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ọmọlanke ti kẹ́ẹ̀gì omi káàkiri. Bí òjò bá dé, a gbé bàsíà sábẹ́ páànù. Bí Kérésì bá dé, ìdajì àdúgbò á ti di ẹrù lọ sílé, àwọn tó kù á máa bá wọn ṣọ́ adìẹ, wọ́n á sì máa jẹ ẹyin rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ bí omi tí a ó rà lọ́dún tó ń bọ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Àwa tí à ń mu ún gan-an kò mọ̀. Olóyè Olúgbémi nìkan ló mọ̀.

Bó ṣe di alága nìyí. Ilé-iṣẹ́ kan tó wà ní Bompai ní àwọn fẹ́ kọ́ táǹkì, àwọn sì fẹ́ ri páìpù omi sí àdúgbò wa. Àwọn aláṣẹ ní kí a yan ìgbìmọ̀ tí yóò máa ṣọ́ wọn: òun ni yóò sọ bí táǹkì náà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó, òun ni yóò sì rí i pé wọn kò rẹ́ aráàlú jẹ. Pálọ̀ Olóyè ni wọ́n ti ṣèpàdé. Nígbà tí àwọn èèyàn dé ibẹ̀, wọ́n bá a lórí àga tó tóbi jù lọ. Ojú tì wọ́n láti ní kó dìde. Bí wọ́n ṣe dìbò nìyẹn.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Abẹ́òkúta Road. Ẹ ò lè kàn wọlé. Ẹ máa dúró sẹ́nu ọ̀nà, Ọládiméjì akọ̀wé rẹ̀ á wá dìde, á na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá òjò ń rọ̀, á ní: "Olóyè! Alága! Baba Omi! Odò tí kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìkùukùu! Ẹni tó wo kànga lójú tí kànga wolẹ̀!" Ẹ̀yin náà á dáhùn pé, "Ẹ̀mí yín á gùn fún wa." Olóyè á wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ikọ́ yẹn ni ìyọ̀ǹda. Nígbà ọyẹ́ tí ikọ́ mú un ní tòótọ́, ńṣe ni àwọn èèyàn ń rọ́ wọlé, tí wọ́n ń jáde, tí wọ́n tún ń wọlé, tí ẹnikẹ́ni ò mọ èyí tí òun máa gbà gbọ́.

Ẹnjiníà tí ilé-iṣẹ́ rán sí i, ọmọbìnrin ni, Tiwa lorúkọ rẹ̀. Ó dúró gba oríkì náà títí, ó gbọ́ ikọ́, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì na àwòrán kan sórí tábìlì.

"Sà, ohun tí a rò ni pé ká kọ́ táǹkì kékeré kan, ká ri páìpù sí òpópónà díẹ̀. Ká wá máa wo àwọn tó máa fà á wọlé. Bí wọ́n bá pọ̀, àyè ṣì wà níbẹ̀, a ó fi òmíràn kún un. Bí wọn ò bá pọ̀, a ò tíì ba nǹkan kan jẹ́."

Olóyè yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ ibo ni ẹ́?"

"Níbí náà ni, sà. Railway Quarters la gbé dàgbà."

"Ẹni tó dàgbà sí Railway ló ń ronú báyìí. Ṣé bí wọ́n ṣe ṣe reluwé nìyẹn? Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé táyà kan sílẹ̀, kí wọ́n máa wò ó bóyá èèyàn máa wọ̀ ọ́?"

"Reluwé ò ní táyà, sà."

"Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn."

Ọládiméjì mi orí, ó ní, "Ọgbọ́n ńlá."

Tiwa tún gbìyànjú. "Ohun kan ṣì wà, sà. Omi tí kò rí ẹni fà á máa ń pẹ́ nínú táǹkì ni. Bó bá sì ti pẹ́ jù, á yí padà. Bí táǹkì bá tóbi ju àwọn tó ń lò ó lọ, omi ibẹ̀ á bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, a ò sì tíì mọ àwọn tó máa lò ó."

"Màá bi wọ́n."

"Bí ẹ bá bi wọ́n, sà, ohun tó máa dùn mọ́ yín ni wọ́n máa sọ."

"Ó gbọ́dọ̀ dùn mọ́ mi," ni Olóyè wí. "Èmi ni Alága."

Ọjọ́ Ìkórè ìjọ Àládùúrà Òkè Ìtura ló lọ bi wọ́n. Ẹ mọ bí Ìkórè ṣe rí: gbogbo ìjọ wà nínú sùtánà funfun báláú, ọsàn àti iṣu wà níwájú pẹpẹ, àwọn ọmọdé ń fojú jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó tó di pé wọ́n fi ẹnu jẹ ẹ́. Ẹni tó sọ àwọn sùtánà náà di funfun bẹ́ẹ̀ wà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Florence ni, alágbàfọ̀, opó ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fi ara ti ọgbà ìjọ. Omi kànga ẹ̀rọ ìjọ ló fi ń fọṣọ, omi tó mọ́ gaara. Yàtọ̀ sí sùtánà, òun ló ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì fún ilé àlejò kan ní Bompai, iṣẹ́ yìí ló sì fi Olúwapamílẹ́rìn ọmọ rẹ̀ sí ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń fọ aṣọ aláwọ̀ lè ṣe àṣìṣe kí ẹnikẹ́ni má mọ̀. Ẹni tó ń fọ funfun kò ní ibi tó máa sá sí. Bí aṣọ bá jáde tí kò mọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, oníbàárà á kó ti ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ síbòmíràn.

Wòlíì Ọlọ́runṣẹ́gun, olórí ìjọ, fún Olóyè ní máìkì. Ìyẹn ni àṣìṣe Wòlíì, Ọlọ́run á dárí jì í.

"Ẹ̀yin ọmọ Ọlọ́run," ni Olóyè wí, "mo rí omi. Mo rí omi lókè, mo rí omi nísàlẹ̀, mo rí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo rí omi nínú ilé ìdáná yín. Ẹ̀yin tí ẹ ò ní ilé ìdáná, mo rí omi níbi tó yẹ kó wà. Mo rí Sábóngàrí tó ń wẹ̀ láàárọ̀, tó ń wẹ̀ lọ́sàn-án, tó ń wẹ̀ nígbà tí kò dọ̀tí. Ẹni tí omi yìí bá máa wọ ilé rẹ̀, kó ṣe Àmín tí yóò gbé páànù sókè."

Páànù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbéra lóòótọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí, Yorùbá ni yín, ẹ mọ ohun tí Àmín jẹ́. Bí ẹnì kan bá dìde lónìí tó ní a ó ra bàálù, a ó ṣe Àmín, títí kan ẹni tí ẹ̀rù bàálù ń bà. Bó bá ní a ó bí ìbejì, arúgbó á ṣe Àmín. Ẹni tó ń sùn á jí ṣe Àmín, á sì padà sùn. Àmín kì í ṣe àdéhùn ọjà. Àwa ò kàn fẹ́ kí ohun rere kọjá wa lójú ọ̀nà kó má rí ẹni kí i ni.

Ṣùgbọ́n Olóyè yíjú sí akọ̀wé rẹ̀, ó ní, "Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí ni kí n kọ, sà?"

"Kọ pé: gbogbo wọn."

Ó tún lọ sí ìjọ àwọn Pẹ́ńtíkọ́sì, níbi tí Àmín ti ń gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kọjá. Ariwo ibẹ̀ pọ̀ ju ti Àládùúrà lọ, nítorí náà ó ní kí wọ́n fi kún ìtóbi táǹkì. Ó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Níbẹ̀, àwọn èèyàn rọra ṣe Àmín wọ́ọ́rọ́wọ́, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa ojú, wọ́n bá tiwọn lọ. Olóyè ronú sí i nínú mọ́tò. Ó ní ó dájú pé àwọn mùsùlùmí àdúgbò yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ lo omi. Ọládiméjì ní òun náà ti kíyè sí i. Àwọn tó ń ṣe àlùwàlá lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ ni wọ́n gé páìpù wọn kù.

Tiwa bẹ̀ ẹ́. Ó ní lára àwọn tó ṣe Àmín ní Òkè Ìtura, àwọn kan wá láti Tarauni, páìpù ò sì ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ní ìdajì wọn ọmọdé ni. Olóyè ní, "Ọmọdé ò ha ń mu omi?" Ilé-iṣẹ́ wá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: bí ìgbìmọ̀ bá pàṣẹ pé kí àwọn kọ́ ńlá, kí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i pé àwọn ló ní kó rí bẹ́ẹ̀. Olóyè fọwọ́ sí i, ó sì ní kí wọ́n ya fọ́tò òun níbi tí òun ti ń fọwọ́ sí i.

Táǹkì náà dìde. Ó ga ju ilé Ọlọ́run lọ. Wọ́n kun ojú Olóyè sí i lára, eyín rẹ̀ nìkan fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Òjìji rẹ̀ láàárọ̀ ń bọ́ sórí okùn tí Florence ń sá aṣọ sí, tó fi jẹ́ pé títí di ọ̀sán, ojú Olóyè ló ń dí oòrùn mọ́ aṣọ àwọn ẹni Ọlọ́run.

Wọ́n ṣí i. Olóyè sọ̀rọ̀ títí omi inú ife tó gbé lọ́wọ́ fi gbóná. Lẹ́yìn náà, ó padà sí ọ́fíìsì, ó jókòó, ó ń retí kí Sábóngàrí wá to ìlà láti fa omi.

Ìlà náà kò gùn. Ká má purọ́, kò sí ìlà. Ilé díẹ̀ ló fà á, àwọn tó jẹ́ ìbátan Ọládiméjì.

Olóyè jáde fúnra rẹ̀ láti wádìí. Ó bá Jẹ̀mílátù tó ń ta ọṣẹ àti búlúù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Florence. Mùsùlùmí ni, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí Ìkórè kọjá láìbá wọn jẹ ìrẹsì.

"Ìwọ, ṣé o ò sí níbi Ìkórè?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá. Ìrẹsì yẹn dáa."

"O ò ṣe Àmín?"

"Mo ṣe é. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ṣe é, mo tún ṣe ti ọkọ mi tí kò lè wá."

"Kí ló wá dé tí o ò fa omi?"

Jẹ̀mílátù wò ó bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ yá. "Bàbá, àdúrà ni mo ṣe Àmín sí. Ẹ ò sọ pé ọjà ni. Mẹ́rúwà tèmi ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí mo bá fẹ́ kẹ́ẹ̀gì kan, kan náà ni mo máa rà. Bí omi rẹ̀ ò bá mọ́, màá bú u ní Haúsá, á bú mi padà, a ó sì parí ẹ̀. Bó bá di ti páìpù, ta ni kí n bú?"

"Èmi wà níbẹ̀."

"Wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé bí ẹ ò bá tíì wúkọ́."

Ẹlòmíràn ni, á lọ jókòó, á ní òun ṣe àṣìṣe. Olóyè pe ìpàdé. Ó dìde lórí àga ńlá rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀, mo ti rí àrùn náà. Ìdí tí òùngbẹ omi wa kò fi gbẹ àwọn èèyàn wọ̀nyí ni pé wọ́n ń mu omi mìíràn."

Ọládiméjì sunkún. Ó ní òun ò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé òun, òótọ́ ló sì sọ.

Báyìí ni Òfin Ìrànlọ́wọ́ fún Òùngbẹ ṣe jáde. Mẹ́rúwà kò gbọ́dọ̀ ti ọmọlanke wọ àdúgbò mọ́. Gbogbo kànga ẹ̀rọ tó wà nínú ọgbà ìjọ àti ti onílé, kí wọ́n fi àgádágodo tì í. Ẹ wò ó bí Alága tí wọ́n yàn kó máa dáàbò bo aráàlú ṣe di ẹni tó ń lé aráàlú kiri kí wọ́n lè wá mu omi tó pọ̀jù tí òun fúnra rẹ̀ pàṣẹ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti kànga Òkè Ìtura, Wòlíì fẹ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní wọ́n ti fi í ṣe Bàbá Ìsàlẹ̀ Ìgbìmọ̀. Wòlíì gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

Florence lọ sí ọ́fíìsì. Ó dúró gba oríkì, ó gbọ́ ikọ́, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí kànga yẹn. Aṣọ funfun ni mò ń fọ̀. Omi inú táǹkì ti ń pọ́n. Bí mo bá fi í fọ aṣọ àwọn ilé àlejò, wọ́n máa gba iṣẹ́ wọn lọ, ibẹ̀ sì ni ilé-ìwé ọmọ mi wà."

"Ó ń pọ́n?" Olóyè rẹ́rìn-ín. "Wúrà náà ń pọ́n. Ìwọ obìnrin yìí, omi tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ni."

"Bàbá, aṣọ ò mọ ẹni tó fọwọ́ sí i."

"Nígbà náà, kọ́ aṣọ rẹ lẹ́kọ̀ọ́."

Ó lọ sílé. Ó fa omi náà nítorí kò sí òmíràn. Omi tó ti ń jókòó nínú táǹkì gàgàrà láti ọjọ́ yìí, tí kò rí ẹni bá a ṣeré, ti ń rùn bí ìkòkò tí wọ́n gbàgbé sẹ́yìn ilé. Florence fi aṣọ sẹ́ ẹ, ó jẹ́ kó silẹ̀, ó da búlúù sí i. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì jáde, àwọ̀ rẹ̀ dàbí tíì tí wọ́n bu mílíìkì díẹ̀ sí. Lọ́jọ́ kejì, dírẹ́bà ilé àlejò dé, kò pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò rẹ̀ pàápàá.

"Màdáámù, wọ́n ní kí ẹ kó àwọn tó kù fún mi bó ṣe wà. Wọ́n ní kí ẹ má fọ̀ ọ́."

"Ṣé wọ́n ti rí ẹlòmíràn?"

"Wọ́n ń wá a. Wọ́n ní kí oṣù yìí tó parí, àwọn á ti rí i. Ẹ má bínú, Màdáámù."

Florence kó àwọn aṣọ náà jọ. Ó ká wọn, ó tò wọ́n dáadáa, bí ẹni pé ẹni tó máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ máa yẹ ìká rẹ̀ wò.

Àkókò yìí ni ìròyìn dé pé Hàjíyà kan láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ táǹkì náà. Olóyè kò sùn fún ayọ̀. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ wọ funfun, kí wọ́n fi omi táǹkì fọ̀ ọ́, kí àlejò lè rí ìmọ́tótó omi náà lára àwọn olórí. Ó gbé agbádá tirẹ̀ wá fún Florence fúnra rẹ̀, agbádá funfun tó gba ọwọ́ méjì láti gbé.

"Bàbá," ni Florence wí, "mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n fi omi mìíràn fọ èyí. Omi yìí máa bà á jẹ́."

"Omi ta lò ń bú?"

"Mi ò bú u. Aṣọ yín ni mò ń ṣàánú."

"Jẹ̀mílátù, o gbọ́ ọ. Omi táǹkì ni mo ní kó fi fọ̀ ọ́. Bó bá fi ẹyọ ẹ̀kán omi mìíràn sí i, màá gba ṣọ́ọ̀bù yìí lọ́wọ́ rẹ̀."

Nígbà tó lọ tán, Jẹ̀mílátù sún mọ́ ọn. "Ìyá Pamílẹ́rìn, ẹ gbọ́. Mẹ́rúwà mi ṣì wà ní Tarauni. Mo lè ní kó gbé kẹ́ẹ̀gì díẹ̀ wá, ká da àpò bò ó. Ẹ fi fọ̀ ọ́ kó mọ́, inú rẹ̀ á dùn. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ó lè ṣí kànga yín."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Florence lára. Ó wo agbádá náà, ó wo okùn rẹ̀ tó ṣófo. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń sanwó ilé-ìwé, ẹ mọ ohun tó ń rò.

"Rárá," ló wí níkẹyìn. "Bí mo bá fi omi rere fọ̀ ọ́, á gbé e dúró níwájú àwọn àlejò, á ní omi òun ló ṣe é. Wọn ò sì ní ṣí kànga láéláé. Ó ní kí n fi omi òun fọ̀ ọ́. Màá fọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ fún Ọlọ́run, omi rẹ̀ náà á ṣe bó bá ṣe lè ṣe."

Ó sì fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Kò fi iṣẹ́ rẹ̀ ṣeré, ọṣẹ tó dáa jù ló lò, ó fi sítáàṣì sí i, ó lọ̀ ọ́ tó fi lè dá dúró láìsí ènìyàn nínú rẹ̀. Gbogbo ìlànà rẹ̀ pé. Àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló dà bíi kúnú tó ti kan.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ jáde síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì nínú oríṣiríṣi pípọ́n. Ọ̀kan dà bí iṣu tí wọ́n gé sílẹ̀, ọ̀kan dà bí òógùn abẹ́ fìlà. Ẹnikẹ́ni ò wo ẹnikẹ́ni. Ọládiméjì wo agbádá Olóyè, gbogbo ayé rẹ̀ nínú iṣẹ́ ìpọ́nni pé sí ọjọ́ kan yìí.

"Baba Omi," ló wí, "àwọ̀ oyin."

"Àwọ̀ oyin ni mo ní kí wọ́n ṣe é," ni Olóyè dáhùn.

Hàjíyà dé, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan nínú híjáàbù aláwọ̀ ewé. Olóyè fi Haúsá kí i, "Ránkádédé," lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó pe táǹkì náà ní òkè Sínáì ti Àríwá. Ó ní kí omi Sábóngàrí má gbẹ láé. Àwọn èèyàn ṣe Àmín, òkè mì. Ó yíjú sí Hàjíyà bí ẹni tó ti borí ẹjọ́. "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe nílò rẹ̀."

Tiwa, tó dúró sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, wo ilẹ̀.

Hàjíyà bèèrè ní Haúsá pé àwọn wo lára wọn ló ti fa omi náà sílé. Jẹ̀mílátù ní, "Àwọn ìbátan akọ̀wé." Ẹ̀rín kékeré kan sá láàárín àwọn èèyàn, ó sì lọ fara pamọ́.

Kò tíì ba nǹkan jẹ́. Olóyè lè sọ̀rọ̀ jáde nínú èyí. Ohun tí kò lè sọ̀rọ̀ jáde nínú rẹ̀ ni pé àkókò ìrun ọ̀sán tó, Hàjíyà sì fẹ́ ṣe àlùwàlá. Wọ́n ṣí ẹnu ẹ̀rọ fún un. Ó wo ohun tó jáde, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó sì rọra fa apá híjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní ṣé kò sí omi mìíràn. Olóyè, nínú ìdààmú rẹ̀, gbàgbé òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ilé mi ò jìnnà, Hàjíyà. Ẹ wá sílé mi."

Wọ́n lọ, èrò sì tẹ̀ lé wọn. Ìyá Olúwatóbi, ìyàwó Olóyè, obìnrin tó bọ̀wọ̀ fún àlejò, bu omi sínú búútà mímọ́ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Hàjíyà. Omi náà mọ́ bí ojú ọmọ tuntun.

"Kí Ọlọ́run san yín lẹ́san," ni Hàjíyà wí. "Ṣé omi táǹkì náà nìyí?"

"Háà, rárá o, Hàjíyà," ni Ìyá Olúwatóbi dáhùn. Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. "Ta ni yóò fún àlejò ní ìyẹn? Omi mẹ́rúwà ni. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà wọlé ní ìdájí. Bàbá ní kí a má fa ti páìpù, ó ní kí a jẹ́ kí àwọn èèyàn kọ́kọ́ lò ó ná, ká wò ó bó ṣe máa rí."

Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí Tiwa bẹ̀ ẹ́ fún. Ó ní in nílé láti ọjọ́ yìí. Ó kàn ń fi í pamọ́ fún ara rẹ̀ ni.

Hàjíyà ṣe àlùwàlá rẹ̀, ó kí ìrun rẹ̀, kò yára. Lẹ́yìn náà ló ní kí Tiwa wá ṣàlàyé ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ́kọ́ sọ. Tiwa ṣàlàyé. Hàjíyà wá bi Olóyè léèrè ibi tó ti rí i pé àwọn èèyàn tó máa lo omi náà á tó báyìí. Olóyè ní, "Wọ́n ṣe Àmín." Nígbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún un, Hàjíyà ní kí wọ́n tún un túmọ̀, bóyá òun ò gbọ́ ọ dáadáa.

Olóyè yíjú wá akọ̀wé rẹ̀ kó bá òun dá sí i. Ọládiméjì ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hàjíyà, ó na ọwọ́ síwájú, ó ti ń wá orúkọ tó máa pè é.

Wọ́n tú ìgbìmọ̀ ká. Wọ́n fagi lé òfin náà, wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ má gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tí kò bá lo omi. Àwọn mẹ́rúwà padà dé, wọ́n bú Jẹ̀mílátù, ó bú wọn, ara tu gbogbo wọn. Olóyè Olúgbémi ń jókòó síwájú ilé rẹ̀ báyìí nínú agbádá aláwọ̀ oyin, nítorí ó ti sọ pé òun ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, kò sì lè gbé e fún ẹnikẹ́ni kó bá òun sọ ọ́ di funfun. Bí ẹnikẹ́ni bá kí i, á ní ìran yìí kò ní ìfojúsùn. Àwọn ọmọdé ń dá a lóhùn ní Haúsá, wọ́n sì ń sá lọ.

Wọ́n ṣí kànga Òkè Ìtura. Florence fọ àpò ìrọ̀rí kan ṣoṣo, ó sá a gbẹ, ó gbé e lọ sí ilé àlejò fúnra rẹ̀ kí oṣù tó parí. Ọ̀gá ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò níwájú fèrèsé, ó sì ní kí dírẹ́bà kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì sínú mọ́tò.

Oṣù díẹ̀ kọjá kí Tiwa tó padà wá. Wọ́n ti gbé táǹkì kékeré kan kalẹ̀ lẹ́bàá ńlá yẹn, wọ́n sì fa ẹnu ẹ̀rọ kan wá sójú pópó kí ẹni tó bá fẹ́ lè gbìyànjú rẹ̀. Ó bá Florence nídìí okùn aṣọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, mọ́mì. Mi ò ní kí ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo kàn fẹ́ kí ẹ wò ó."

"Ó dáa bí o ò ṣe ní kí n sọ ọ́, ọmọ mi."

Florence bu omi náà sínú bàsíà. Ó fi sùtánà ọmọdé kan sínú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó ní kí Tiwa jókòó. Nígbà tó gbẹ, ó nà án sójú oòrùn, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo ọrùn rẹ̀, ó wo ìdí apá.

"Páìpù yín," ló wí, "ibo ló máa gbà wọ ṣọ́ọ̀bù mi?"